Ẹ́kísípò: Ọ̀rọ̀ Àfihàn Tó Di Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀kọ̀

  

Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn. Mo ronú títí. Bó bá jẹ́ ìtàn ìlú Ìpótì ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ pọ̀ láàárín yín. Bó bá jẹ́ ìtàn ilé ìwé wa ni, ẹ̀yin tí ẹ fi àdá gé koríko ibẹ̀ kí n tó dáyé ló yẹ kí ẹ sọ ọ́. Ìyẹn ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgboro kan tí kò sí ẹni tó jókòó rí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ni expo, tí ẹnu wa ń pè ní ẹ́kísípò.

Ẹ má fajú ro. N kò wá tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ sì ni irinṣẹ́ wa bí ọkọ́ ṣe jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò bá mọ ibi tí ọkọ́ rẹ̀ ti ń kú kò lè kọ ebè tó dára. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí orúkọ yìí ṣe ro àwa náà.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI ṢẸ̀ WÁ

Nínú èdè Látìn, exponere ni kí ènìyàn gbé nǹkan síta. Láti inú rẹ̀ ni àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti rí exposition, ìyẹn àfihàn: kí a kó ohun dáradára tí a ní síta kí gbogbo ayé wá wò ó. Ní ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé ńlá onígíláàsì kan sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kó ẹ̀rọ, aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sínú rẹ̀. Ní 1889, àwọn Faransé ṣe irú rẹ̀ ní Paris, tìtorí àfihàn ọdún yẹn ni wọ́n sì ṣe kọ́ ilé gogoro Eiffel tí àwọn ènìyàn ṣì ń sanwó gùn dòní.

Nígbà tó di 1967, ó kan ìlú Montreal ní Kánádà. Wọ́n gé orúkọ gígùn náà kúrú, wọ́n sì fi ọdún tì í lẹ́yìn: Expo 67. Ní 1970, ó kan Osaka ní Japan: Expo 70. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 64 ló wọ ọgbà àfihàn Osaka láàárín oṣù mẹ́fà. Rédíò àti ìwé ìròyìn gbé orúkọ yìí káàkiri ayé. Ẹ ṣàkíyèsí pé títí di àkókò yìí, kò sí ìtìjú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe ẹ́kísípò, tìlù tìfọn.

BÍ Ó ṢE WỌ GBỌ̀NGÀN ÌDÁNWÒ

Olè ìdánwò ti wà nílẹ̀ wa kí ẹ́kísípò tó dé. Kí a tó ní WAEC, ìdánwò tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Cambridge àti Lọ́ńdọ̀nù wá ni àwọn baba wa ń ṣe. Àwọn tó kọ ìtàn ìdánwò ní Nàìjíríà sọ pé ọdún 1914 ni ìbéèrè Cambridge ti kọ́kọ́ tú sọ́wọ́ àwọn ènìyàn kí ọjọ́ tó pé. Ọdún 1914 yìí náà ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Nàìjíríà àti jíbìtì ìdánwò, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dá WAEC sílẹ̀ ní 1952 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, àrùn náà bá a wọlé. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà náà ni leakage, líkéèjì. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dún létí: ìkòkò ló jò. Nínú líkéèjì, ẹ̀bi ìkòkò ni, ẹ̀bi ẹni tí a ní kó ṣọ́ ìkòkò náà sì ni. Ẹni tó gbé ẹnu sábẹ́ ibi tó ń jò, orúkọ náà kò dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 1977 dé. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni Nàìjíríà gba gbogbo ọmọ Adúláwọ̀ lálejò ní Èkó fún àjọ̀dún FESTAC 77. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn, gbogbo nǹkan ló ń jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Nínú ọdún yìí kan náà ni ìbéèrè ìdánwò WAEC tú síta débi pé kò ṣe é fi pamọ́ mọ́. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Sogbetun kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ tó sọ tiwọn, ìgboro ti sọ tiwọn. Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ: Expo 77.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní láti ara expose ni, ìyẹn kí a ṣí ohun tó wà ní bíbò sílẹ̀: a ti ṣí aṣọ lójú ìdánwò. Àwọn mìíràn ní àfihàn àgbáyé yẹn ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́: bí Osaka ṣe ní tirẹ̀, àwa náà ní tiwa, àwa ń ṣe àfihàn ìwé ìbéèrè. Tí ẹ bá bi mí, mo gbà pé ìtumọ̀ kìíní ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà mu jù, ṣùgbọ́n ìkejì ló bá orúkọ náà mu jù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé nǹkan tú kò nílò láti fi ọdún tì í nídìí. 77 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, ara Expo 70 àti FESTAC 77 ni wọ́n ti wò ó. Ìyá kan náà sì ni expose àti exposition ní nínú Látìn, nítorí náà ìjà ọmọ ìyá ni.

Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi ni pé ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà. Líkéèjì bu ẹ̀tẹ́ lu ẹnì kan. Ẹ́kísípò mú ẹ̀rín wá. Nígbà tí a bá sì ti rẹ́rìn-ín sí nǹkan, ìbínú wa sí i ti dín kù nìyẹn.

ÀWỌN TÍ ORÚKỌ NÁÀ BÀ JẸ́

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ti jókòó ìdánwò lọ́dún 1977, yálà níbí tàbí níbòmíràn. Ẹ̀yin ni orúkọ yìí kọ́kọ́ gé lọ́wọ́. Ẹni tó fi àtùpà kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tó ti oko kòkó bàbá rẹ̀ dé tó tún gbé ìwé, tó gba èsì tó dára, tí kò rí ìbéèrè kankan ṣáájú: òun náà di ọmọ Expo 77. Bó bá gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ẹni tó ń gbà á á wo ọdún tó wà lókè, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni yóò jẹ́rìí fún un? Olè kò kọ orúkọ síwájú orí, olóòótọ́ náà kò kọ ọ́.

Fún àwa Èkìtì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ní 1955, àwọn òbí wa rán ọmọ lọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Nígbà tí Ajásin, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, sọ ilé ìwé girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979, ọmọ kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò mọ ìwé kà, tí wọ́n ń pè é ní ùwé ní èdè ìbílẹ̀ wa, ta iṣu, ta kòkó, gba owó àjọ, kí ọmọ lè lọ sí ulé ùwé. Ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, kì í ṣe orúkọ irè oko ni a kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ wa. Orísun Ìmọ̀ ni a kọ síbẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí bá wá di ohun tí a ń fura sí, kí ló kù tí a ó gbé lọ sí ọjà?

ORÚKỌ ŃLÁ, ORÚKỌ KÉKERÉ

Lẹ́yìn 1977, ọmọ náà bí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìdánwò ní ọdún 1980 sí 2000, ẹ ó rántí díẹ̀ nínú wọn, ẹ̀yin olùkọ́ sì ti gba púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ọmọ:

Jíráàfù ni kí ènìyàn na ọrùn wo ìwé ẹni tó wà níwájú, bí ẹranko ọlọ́rùn gígùn yẹn. Máíkíróṣíìpù ni ìwé pélébé tí wọ́n fi lẹ́tà tíntìntín kọ ìdáhùn sí. Orúkọ yìí wọlé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà, kí ọ̀pọ̀ wa tó fojú rí ọ̀kan. Bírò olóyún ni bírò tí wọ́n yọ inú rẹ̀, tí wọ́n wá ká ìwé sí i níkùn. Ọta ìbọn wà, mísáìlì náà wà. Mẹ́sínárì, ìyẹn ọmọ ogun àgbàfọwọ́rà, ni ẹni tí a háyà láti bá olówó jókòó ìdánwò. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG sì lọ Liberia ní 1990, kò pẹ́ tí ECOMOG náà fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ó di orúkọ fún kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ parapọ̀ ran ara wọn lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá to àwọn orúkọ yìí sílẹ̀ lè fi wọ́n ka ìtàn Nàìjíríà: àjọ̀dún, kọ̀ǹpútà, ogun. Gbogbo ohun tó bá gba ìròyìn ni ọmọ ilé ìwé ń sọ di ẹ̀fẹ̀. Ọgbọ́n ọmọ náà pọ̀. Ìbá ṣe pé inú ìwé ni ó lò ó sí!

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní Ghana, apor ni wọ́n ń pe ìbéèrè tó tú. Ní Kenya, wọ́n ń pe ìwé pélébé tí wọ́n ń kó wọ gbọ̀ngàn ní mwakenya, láti ara orúkọ ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tó ń pín ìwé lòdì sí ìjọba wọn lẹ́yìn ọdún 1980, nítorí ìwé ìkọ̀kọ̀ ni méjèèjì. Ní ilẹ̀ China àtijọ́, níbi tí ìdánwò ti ń sọ ọmọ tálákà di ìjòyè, àwọn kan fi lẹ́tà wínníwínní kọ odindi ìwé sára àwọ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ cheat tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń lò ní ìtàn tó dùn. Láti ara escheat ni, orúkọ òfin kan tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ ẹni tó kú láìní àrólé padà sọ́wọ́ ọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó ń bójú tó o wá ń fi òfin yìí gba ilẹ̀ onílẹ̀, títí orúkọ iṣẹ́ wọn fi di orúkọ ìrẹ́jẹ. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ burúkú bá orúkọ tó mọ́ jẹ́ ní tiwọn, àbàwọ́n náà kò sì kúrò lára rẹ̀ dòní. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí inú rẹ̀ máa dùn bí o bá pè é ní cheat. Tiwa ńkọ́? Àbàwọ́n náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ni.

LÁTI OLÈ DÉ ÌRÀNLỌ́WỌ́

Nígbà tí èmi fi máa wọ pólì lẹ́yìn 2000, ẹ́kísípò ti ní ìtumọ̀ tó pọ̀ ju tàtijọ́ lọ. Ó lè jẹ́ ìbéèrè tó tú. Ó lè jẹ́ ìdáhùn tí ẹnì kan ti ṣe sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́, tó sì mọ̀ pé ìwọ ti lọ rí, á ní, “Jọ̀ọ́, fún mi ní ẹ́kísípò,” ìyẹn ni pé kí o sọ ohun tí wọ́n ń béèrè fún un. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Àwọn oníṣòwò náà sì ṣì ń lo tàtijọ́, wọ́n ń ṣe Expo oúnjẹ, Expo ilé kíkọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń jẹ́ rere àti búburú pọ̀ báyìí, búburú ló máa ń rí ibi sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn orúkọ rírọ̀ dé. Wọ́n ń pè é ní ráńsì, bí ẹni pé ẹnì kan kàn sáré lọ ṣe iṣẹ́ ni. Ibi tí ọmọ ti ń lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè bá a kọ ọ́ di mírákù sẹ́ńtà. Ẹ gbà mí! Olè ti di iṣẹ́ ìyanu. Owó tí wọ́n ń dá fún alábòójútó di owó ìfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn òbí ń san án pẹ̀lú owó ìdánwò, inú àpò kan náà ni wọ́n sì ti ń mú un jáde. Láàárín 2007 sí 2010, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ dúdú lu ilé ìwé girama 324 káàkiri Nàìjíríà pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ibùdó ìdánwò mọ́. Ẹ fojú inú wò ó: ilé ìwé 324, pẹ̀lú ọ̀gá, pẹ̀lú olùkọ́, pẹ̀lú òbí.

Òfin ńkọ́? Òfin kò sùn. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari gbé Decree 20 jáde, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe jìbìtì ìdánwò. Ó pọ̀ jù. Ta ni yóò sọ ọmọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n ọdún 21 nítorí Bàólọ́jì? Nígbà tó di 1999, òfin mìíràn dé, Decree 33, tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ tàbí owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí méjèèjì, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n fún ọ̀gá ilé ìwé, olùkọ́ tàbí alábòójútó, ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ni, kò sí owó ìtanràn.

Mo ka òfin yẹn bí akọ̀ròyìn, mo ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Kò sí ẹ́kísípò níbẹ̀. Kò sí ráńsì, kò sí iṣẹ́ ìyanu. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ìrẹ́jẹ, jíjí ìwé ìbéèrè, àti fífi ara ẹni pe ẹlòmíràn. Òfin mọ orúkọ ọmọ náà. Àwa òbí rẹ̀ la ń fi oríkì pè é.

Ẹ̀RỌ TI DÉ, OLÈ KÒ LỌ

JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, wọ́n sì sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn ní 2015. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ́kísípò ti kú nìyẹn. Kò kú. Orí WhatsApp ló kó lọ, níbi tí àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń ta ìbéèrè fún ọmọ wa lóru, òmíràn òtítọ́, èyí tó pọ̀ jù irọ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC tó yẹ kó wáyé lójú ọ̀sán pẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, iná tọ́ọ̀ṣì àti ti fóònù ni àwọn ọmọ fi kọ ọ́. WAEC tọrọ àforíjì, wọ́n ní ìsapá láti má jẹ́ kí ìbéèrè náà tú síta ló fa ìdádúró. Ẹ̀yin tí ẹ fi àtùpà kàwé, ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń fi àtùpà ṣe ìdánwò gan-an! Ọmọ tó ti kàwé àti ọmọ tó ti ra ìbéèrè, inú òkùnkùn kan náà ni wọ́n jókòó sí. Bó ṣe rí fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní 1977 náà nìyẹn.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kò lè ṣọ́ gbogbo fèrèsé, a mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ owó, tí ẹ kò gba ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kankan, tí àwọn òbí bú yín nítorí rẹ̀, ẹgbẹ́ yìí kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tó. Mo dúpẹ́ nínú ìwé yìí.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, a ti di òbí báyìí. Àwa ni a ó máa gba ìpè náà: “Dádì, wọ́n ní ká mú owó wá fún ẹ́kísípò.” Ọ̀rọ̀ náà yóò rọ̀ létí wa, nítorí àwa náà fi ṣeré dàgbà. Kí a tó fọwọ́ kan fóònù láti fi owó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Kó sọ ọ́ jáde. Kó sọ pé, “Bàbá mi, wọ́n ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ ká lè fi jalè.” Bí ẹnu rẹ̀ bá kọ̀ láti sọ ọ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti wọlé. Bó bá sì sọ ọ́ tí kò tì í lójú, a jẹ́ pé àwa ni iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa, ká pe ọmọ náà jókòó, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.